Bí ihò ṣe ń dúró nínú bisikíìtì àtàǹpàkò, àti ohun tó yẹ kó wọnú rẹ̀: ìrírí mi

Ẹni tó bá rí bisikíìtì àtàǹpàkò lórí àwo á rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó o. Bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti fláwà ni. A ó pò wọ́n pọ̀, a ó ká wọn róbótó-róbótó, a ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ kó jin wọnú, a ó sì fi jáàmù síbẹ̀. Ó tán. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú mi rí màbo kí n tó gbé tíréè kan jáde tí inú mi dùn sí. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ àlàyé tí mo kà nígbà náà kàn ń sọ pé kí ènìyàn fi ohunkóhun tó bá wù ú sínú ihò náà, bí ẹni pé jáàmù, ṣokoléètì, karamẹ́ẹ̀lì àti kírímù lẹ́mọ́ọ̀nù jọ ń hùwà kan náà nínú iná. Wọn kì í hùwà kan náà rárá. Ọ̀tọ̀ ni èyí tó lè wọ ófùn pẹ̀lú bisikíìtì, ọ̀tọ̀ ni èyí tí kò gbọ́dọ̀ fojú kan iná mọ́. Ibẹ̀ ni bọ́tà mi àti àkókò mi bá lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tiẹ̀ tíì kan ohun tí mo fi sínú rẹ̀. Ihò gan-an ni kò dúró. Mo tẹ gbogbo wọn, wọ́n jin, wọ́n sì gún régé, mo tì wọ́n sínú ófùn. Nígbà tí màá fi yọjú wò wọ́n láti ara gíláàsì, wọ́n ti yọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí tíréè, èyí tó wà lápá ọ̀tún ti lẹ̀ mọ́ tòsì, jáàmù ti ṣàn bọ́ sílẹ̀, ó sì ń jóná lára irin. Ẹni tó bá ti gbóòórùn ṣúgà tó jóná rí kò ní gbàgbé. Mo dúró síwájú ófùn, ọkàn mi bàjẹ́, nítorí ọmọ mi ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bisikíìtì ń bọ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Bọ́tà ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí ẹ̀gbẹ́ iná ni mo gbé e sí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òróró. Bọ́tà tó dára fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí ìka ń wọ̀ lára láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ ń dán. Ó yẹ kó ṣì tutù díẹ̀ lọ́wọ́, ní nǹkan bí 18°C sí 20°C. Bọ́tà tó ti yọ́ kò lè gbé fláwà dúró. Bó bá ti rí ooru ófùn, ó ti sá lọ kí fláwà àti ẹyin tó gan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti po bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí ó fi fúyẹ́ tó sì funfun, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún kéèkì. Kéèkì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nínú. Bisikíìtì yìí kò fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ tí a bá pò mọ́ ọn yóò wú nínú iná, ohun tó bá sì wú yóò dí ihò. Nítorí náà, mo ń pò ó títí ṣúgà àti bọ́tà yóò fi wọra nìkan ni, mo dúró. Mo tún yọ páúdà tó ń mú kéèkì wú kúrò pátápátá.

Ti ẹyin náà wà ńbẹ̀. Odindi ẹyin ni mo fọ́ sí i. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá funfun ẹyin ló jẹ́ omi, omi yẹn ló ń mú kí bisikíìtì tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì ń mú kó yi lẹ́nu. Pupa ẹyin nìkan ni mo ń lò báyìí, ó ń so ó pọ̀, ó sì ń mú kó wó lẹ́nu wẹ́rẹ́.

Ìwọ̀n tí mo wá dúró lé lórí nìyí: bọ́tà tí kò níyọ̀, 225 gíráàmù, ṣúgà, 130 gíráàmù, pupa ẹyin 2, fláwà, 280 gíráàmù, fanílà, ṣíbí tíì kan, iyọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì. Bí mo bá ká a ní 18 gíráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa ń tó nǹkan bí 36. Bí ẹ bá lè rí òṣùwọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ife wọn fláwà. Ife kan náà, bí a bá rọra fi ṣíbí bu fláwà sínú rẹ̀, ó lè jẹ́ 120 gíráàmù. Bí a bá ti ife náà bọ inú àpò fláwà tí fláwà sì kì mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, ó lè tó 150. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń pinnu bóyá bisikíìtì á tẹ́ tàbí á lanu.

Lílanu ni ìyọnu tó wá tẹ̀lé e. Níbi tí mo ti ń sá fún kí ó má yọ́, mo gbé gbogbo fláwà pípò náà sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo gbé e jáde, ó ti le gbagidi. Mo ká a tipátipá, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ sì lanu yíká. Mo rò pé iná yóò dí i. Iná kò dí i, ṣe ló là á sí i. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀, wọ́n ní. Tèmi, jáàmù ló ráyè jáde. Gbogbo ibi tó lanu ni jáàmù gbà ṣàn lọ.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni pé mo yí ètò iṣẹ́ náà padà. Ní kété tí mo bá pò ó tán, tó ṣì rọ̀, ni mo ń ká a, mo sì ń tẹ ihò sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn tí ihò bá ti wà lára rẹ̀ tán ni mo tó ń gbé e sínú fíríìjì, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ihò tí a tẹ̀ sára ohun tó rọ̀ kì í sábà lanu. Bọ́tà tó ti tutù tó sì ti gan yíká ihò náà kì í sì í tètè yọ́ nínú ófùn, fláwà àti ẹyin á ti ráyè gan kí bọ́tà tó sá.

Títẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ ká a láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí ojú rẹ̀ yóò fi dán, tí ẹ kò ní rí ìlà kankan lára rẹ̀. Ìlà tí ẹ bá fojú fò ni yóò lanu. Ẹ gbé e kalẹ̀ sórí bébà tí ẹ tẹ́ sínú tíréè, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú yíká, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rọra tẹ àárín rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn ni ògiri fara tì, òun ni kò jẹ́ kó lanu. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kan tíréè. Ẹ ṣẹ́ nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà kù nísàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ tó bá fẹ́lẹ́ jù máa ń jóná, jáàmù á sì lẹ̀ mọ́ bébà. Bí ibì kan bá ṣì lanu díẹ̀, ẹ fi ìka pa á dé nísinsìnyí, ẹ má fi í sílẹ̀ de iná.

Àtàǹpàkò mi tóbi, tọmọ mi kéré. Nígbà tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́, kò sí méjì tó dọ́gba lórí tíréè, àwọn kan gba jáàmù púpọ̀, àwọn kan kò gba nǹkan kan. Mo ti wá ń lo ẹ̀yìn ṣíbí ìdíwọ̀n kékeré tó rí róbótó, tàbí ìdí ṣíbí onígi, tí mo bá ti tì í bọ inú fláwà díẹ̀ kó má baà lẹ̀. Ó ń mú kí gbogbo wọn dọ́gba. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ díẹ̀ lára wọn, nítorí ìdùnnú tí mo ń rí lójú rẹ̀ tó mi.

Ọ̀rọ̀ ófùn kò gùn. 175°C ni mo ń yan án sí, fún ìṣẹ́jú 12 sí 14. Ohun tí wọ́n kọ sára ọwọ́ ófùn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tẹmómítà kékeré tí mo gbé kọ́ sínú tèmi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó gbóná ju bó ṣe ń sọ lọ. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Yóò ṣì rọ̀ lọ́wọ́, ẹ má bẹ̀rù, ẹ fi í sílẹ̀ lórí tíréè fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kó o sórí irin alásẹ́. Bí ihò bá ti gbé sókè díẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tó jáde ni kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tún un tẹ̀. Bó bá ti tutù, ó ti bọ́. Yóò wó ni.

Ó wá ku ohun inú rẹ̀.

Jáàmù ni gbogbo ènìyàn ń pè ní èyí tó rọrùn jù, òun ló sì kọ́kọ́ fìyà jẹ mí. Òótọ́ ni pé ó lè bá bisikíìtì wọ iná. Àmọ́ jáàmù ju jáàmù lọ. Mo ra èyí tí ṣúgà rẹ̀ kéré, torí mo rò pé yóò sàn fún ara àwọn ọmọ. Èyí tí ṣúgà rẹ̀ kéré sábà máa ń lómi jù, omi yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ihò, ó ń ta pàpà, ó bo etí bisikíìtì kọjá. Láti ìgbà náà, bí jáàmù bá ṣàn, mo ń dá a padà sórí iná kékeré, mo ń rò ó títí yóò fi ki. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá ti gbé àwo kékeré kan sínú fírísà. Màá kán jáàmù díẹ̀ sórí àwo tútù náà, màá dúró díẹ̀, màá fi ìka tì í. Bí ojú rẹ̀ bá hunjọ níwájú ìka, ó ti tó. Bó bá ń ṣàn padà, ó kù. Ẹni tó ní tẹmómítà lè rò ó títí yóò fi dé nǹkan bí 104°C sí 105°C, níbi tí ṣúgà àti pectin, èyí tó wà nínú èso tó ń mú kí jáàmù gan, ti ń di ara wọn mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó tutù. Jáàmù gbígbóná tí mo rọ sínú fláwà pípò tútù yọ́ bọ́tà ara ògiri ihò lójú mi, gbogbo iṣẹ́ fíríìjì sì di òfo. Bí èso tó wà nínú rẹ̀ bá tóbi, ẹ gé e wẹ́wẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ga ju etí lọ.

Ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣòro fún ọwọ́ mi jù. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ahun ni mo jẹ́ bí mo bá fi ìdajì ṣíbí tíì sí i, bẹ́ẹ̀ ìdajì ṣíbí tíì náà ló gbà. Gbogbo èyí tí mo fi kún un látinú ọ̀làwọ́ ló padà sórí tíréè. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń fi díẹ̀ sí i kó tó wọ ófùn, kó má tilẹ̀ dé etí. Nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, màá fà á jáde, màá fi èyí tó kù kún un, màá sì dá a padà. Èyí àkọ́kọ́ á ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, èyí ìkejì á gan lójú, á máa dán, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tí a bá ń kó o.

Ní Swídìn, wọ́n ní irú bisikíìtì yìí tí wọ́n ń pè ní hallongrottor, jáàmù rásíbẹ́rì ló máa ń wà nínú rẹ̀, inú ife bébà kékeré ni wọ́n sì sábà máa ń yan án sí. Mo gbìyànjú ife bébà yẹn nígbà tí mo fẹ́ fi jáàmù tó pọ̀ díẹ̀ sí i, ó gbè mí. Ife náà ló di ògiri. Ẹni tí bisikíìtì rẹ̀ bá ṣì ń tẹ́ lọ́wọ́, tí àlejò sì ti dé tán, kó lo ife bébà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti kírímù lẹ́mọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n ń fi pupa ẹyin, ṣúgà, bọ́tà àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù sè. Mo dúró tì í lórí iná kékeré, mo ń rò ó láìdáwọ́ dúró, ó ki, ó ń dán, ó rẹwà. Mo wá rọ ọ́ sínú ihò, mo tì í sínú ófùn bíi ti jáàmù. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti hunjọ, ihò wínníwínní ti kún ara rẹ̀, ó sì ń ta òórùn ẹyin. Ẹyin tó ti jinná tẹ́lẹ̀ ni mo tún dá padà sínú iná. Kírímù náà ti gba gbogbo iná tó nílò nínú ìkòkò, nígbà tó dé nǹkan bí 77°C tó sì ń bo ẹ̀yìn ṣíbí. Látìgbà náà, òfìfo ni bisikíìtì ń wọ ófùn tó bá jẹ́ lẹ́mọ́ọ̀nù ni mo fẹ́. Yóò tutù tán pátápátá kí n tó bu kírímù sí i. Inú fíríìjì ni kírímù náà ń gbé, mi kì í sì í jẹ́ kí èyí tí mo ti bu sínú bisikíìtì wà níta ju wákàtí méjì lọ.

Ṣokoléètì náà kò fẹ́ ófùn. Èyí tí mo gé wẹ́wẹ́ sínú ihò kí n tó yan án gbẹ, ó di hóróhóró, etí rẹ̀ sì korò. Ẹ gbé kírímù wàrà kaná títí yóò fi fẹ́ hó, ẹ dà á sórí ṣokoléètì tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ tó rò ó láti àárín lọ sí etí. Bó bá jẹ́ ṣokoléètì dúdú, ìwọ̀n ṣokoléètì àti ìwọ̀n kírímù máa ń dọ́gba. Bó bá jẹ́ oníwàrà, ẹ fi ṣokoléètì ìlọ́po méjì kírímù. Bó bá jẹ́ funfun, ìlọ́po mẹ́ta, torí àwọn yẹn rọ̀ ju dúdú lọ, wọn kì í sì í gan bí kírímù bá pọ̀. Ẹ rọ ọ́ nígbà tó bá ṣì ń ṣàn lẹ́nu ṣíbí. Bó bá ti ki jù, kò ní tẹ́jú.

Karamẹ́ẹ̀lì, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ọwọ́ mi sì mọ̀ ọ́n. Ó ń jóni ju omi gbígbóná lọ nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, kò sì ṣeé nù kúrò kíá. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò nítòsí. Mo ń yọ́ èyí tó rọ̀ pẹ̀lú kírímù díẹ̀, mo ń fi í sílẹ̀ títí yóò fi máa já bọ́ lẹ́nu ṣíbí díẹ̀díẹ̀, mo sì ń bù ú sínú bisikíìtì tó ti yan tán. Hóró iyọ̀ mélòó kan lórí rẹ̀ ń mú adùn rẹ̀ wọlé, àìsí iyọ̀ ń jẹ́ kó sú ènìyàn lẹ́yìn ẹyọ kan.

Bisikíìtì tó dára lálẹ́ lè ti rọ̀ ní òwúrọ̀, pàápàá oníjáàmù, torí omi ara jáàmù ń wọ ara rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Mo gbìyànjú láti máa fi ṣokoléètì yíyọ́ pa ìsàlẹ̀ ihò fẹ́ẹ́rẹ́, tí màá jẹ́ kó gan kí n tó fi jáàmù kíki tó ti tutù lé e. Ọ̀rá inú ṣokoléètì kì í jẹ́ kí omi kọjá, ó sì ń pẹ́ kó tó rọ̀. Èyí tí mo bá fẹ́ pa mọ́ fún ìgbà pípẹ́, mo ń tẹ ihò rẹ̀ tán, mo ń jẹ́ kó dì lórí tíréè nínú fírísà, mo sì ń kó o sínú àpò náílọ́ọ̀nù tó dé dáadáa láìfi nǹkan kan sínú ihò rẹ̀. Ó lè pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Bó bá wù mí láti yan án, tààrà láti inú fírísà ló ń wọ ófùn, màá kàn fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fi oríṣiríṣi nǹkan sínú bisikíìtì gbọ́. Mo gbé àwo kan síwájú àwọn ọmọ níbi àpèjẹ kan, oníjáàmù, oníṣokoléètì àti ẹlẹ́pà, gbogbo wọn ló wà lórí àwo kan ṣoṣo. Ìyá kan bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni kò ní ẹ̀pà nínú? Ẹ̀pà kì í bá ọmọ mi lára mu rárá, ó lè sé e léèémí." Mo nawọ́ sí oníjáàmù, ọ̀rọ̀ sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo rántí pé ṣíbí kan náà ni mo fi bu gbogbo wọn. Mo sọ fún un pé kí ọmọ náà má jẹ ìkankan. Ọmọ náà ń wo àwo, ojú rẹ̀ fà ro, àyà mi sì ń já nígbà tí mo ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ká ní ìyá rẹ̀ kò béèrè.

Ẹlẹ́pà ni mo ń yan kẹ́yìn báyìí, lẹ́yìn tí mo bá ti kó gbogbo èyí tó kù sínú agolo tí mo sì ti dé e. Ó ní ṣíbí tirẹ̀, tíréè tirẹ̀ àti agolo tirẹ̀ tí mo kọ "Ẹ̀PÀ WÀ NÍNÚ RẸ̀" gàdàgbà sí lórí. Mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣokoléètì náà, torí àwọn kan wà tí wọ́n ṣe níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀pà. Bí mo bá sì ń gbé bisikíìtì lọ síbi tí àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ wà, mi kì í yan ẹlẹ́pà lọ́jọ́ náà.